Wẹ́bsáìtì DJ alágbèéká ní Ìlú Ọba: àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí ṣáá

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn DJ òde àríyá tún wẹ́bsáìtì wọn ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù àti àyíká rẹ̀. Ìbéèrè kan náà ló ń padà wá, lórí WhatsApp, àti lẹ́yìn gbọ̀ngàn nígbà tí a bá ń kó sípíkà sínú ọkọ̀ ní òru. Mo kó wọn jọ síbí.

Mo ti ní Instagram àti WhatsApp. Kí ni mo tún fẹ́ fi wẹ́bsáìtì ṣe?

Bó bá jẹ́ ará ṣọ́ọ̀ṣì yín àti ọmọ ìlú yín nìkan ló ń gbé iṣẹ́ fún yín, ẹ lè má nílò rẹ̀. Láàárín wa, ẹnu ṣì yá ju Google lọ. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin Ìjẹ̀bú tó fẹ́ fẹ́ ọkùnrin ará Manchester kò mọ ẹnikẹ́ni tó mọ̀ yín. Ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì, tó ń yọ́ kẹ́lẹ́ ṣètò ọjọ́ ìbí ọgọ́ta ọdún ìyá rẹ̀, kò fẹ́ pe ẹnikẹ́ni. Google làwọn méjèèjì máa bi. Instagram lè fi hàn pé ẹ mọ orin. Kò sọ iye tí ẹ ń gbà, kò sọ ibi tí ẹ ń dé, kò sì sọ ohun tí ẹ máa ṣe bí ọkọ̀ yín bá kú lójú ọ̀nà M25.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, ilé onílé ni Instagram; onílé lè ti ilẹ̀kùn nígbàkúùgbà. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024 ni Google pa àwọn wẹ́bsáìtì ọ̀fẹ́ tó ń ṣe fún oníṣòwò kékeré. Nígbà tó máa fi di àárín ọdún náà, DJ tí kò ní òmíràn ti ní páálí káàdì tí líǹkì ara rẹ̀ kò lọ síbì kankan.

Orúkọ wo ni kí n rà fún un?

Èyí tó parí sí .co.uk ló bá ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìlú Ọba mu. Àjọ Nominet ló ń bójú tó gbogbo orúkọ .uk. Bí ẹ bá ń lọ gba òde ní Lẹ́kì tàbí Ìbàdàn ní oṣù Kejìlá, ẹ lè ra ti .ng mọ́ ọn, kí ẹ darí rẹ̀ sí èyí tí ẹ ti ní. Kí orúkọ náà kúrú, kó jẹ́ èyí tí MC lè kéde láàárín ariwo tí ẹni tó gbọ́ ọ á sì lè tẹ̀ ẹ́ láì béèrè bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Ẹ má fi nọ́ńbà sínú rẹ̀.

Ẹ fi orúkọ yín, ímeèlì yín àti káàdì báǹkì yín rà á. Ọ̀ràn kan wà tí mo ti bá pàdé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ: ọmọ àbúrò ẹni ló bá ẹni rà á, ọmọ náà ti lọ sí Kánádà, ímeèlì tó fi rà á ti kú, owó ọdún tuntun kò wọlé, orúkọ bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Kò sí ẹbẹ̀ tó ń gbà á padà.

Kí ló yẹ kó wà lójú-ewé àkọ́kọ́?

Ẹni tó ń wá DJ ní nǹkan mẹ́ta lọ́kàn: ṣé ọjọ́ mi ṣí sílẹ̀, èló ni, ṣé ẹni yìí á sì dé lóòótọ́? Ohun tí kò bá dáhùn ọ̀kan nínú wọn, ẹ gbé e sísàlẹ̀ tàbí kí ẹ yọ ọ́. Gbólóhùn bíi “Ẹ káàbọ̀ sí ayé ìgbádùn” kò dáhùn ìkankan. “DJ fún ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ àti ọjọ́ ìbí, ní Lọ́ńdọ̀nù, Kent àti Essex” ti sọ irú ẹni tí ẹ jẹ́ àti ibi tí ẹ ń dé kí ẹni náà tó mí.

Nọ́ńbà fóònù lókè, kó jẹ́ èyí tí ìka lè tẹ̀ kó sì pè. Fọ́tò kan tí ẹ̀yin fúnra yín wà lẹ́yìn ẹ̀rọ, tí gbọ̀ngàn kún, tí àwọn ènìyàn ń jó. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe fọ́tò òyìnbó tó wọ agbékọ́rí tí ẹ rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìtàn bí ẹ ṣe ń yí rẹ́kọ́ọ̀dù bàbá yín nígbà tí ẹ wà lọ́mọ ọdún méje dùn ún kà, àmọ́ ojú-ewé tirẹ̀ ni kó ní.

Ṣé kí orin máa dún fúnra rẹ̀ bí ènìyàn bá ti wọlé?

Rárá o. Mo mọ̀ pé orin lẹ ń tà. Ẹni tó ń wá yín lè wà nínú bọ́ọ̀sì, níbi iṣẹ́, tàbí nínú ìsìn (ẹ má ṣe bí ẹni tí kò mọ̀). Orin bá bú jáde lójijì, ohun àkọ́kọ́ tó máa ṣe ni kó pa ojú-ewé náà. Láti ọdún 2018 ni Chrome fúnra rẹ̀ ti ń pa irú orin bẹ́ẹ̀ lẹ́nu mọ́ títí olúwarẹ̀ á fi tẹ nǹkan kan, Safari náà kì í gbà á.

Bí ẹ bá ṣì ní ojú-ewé àtijọ́ tí iná díísíkò ń ṣẹ́jú lórí rẹ̀, tí wọ́n fi Flash ṣe, ẹ mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń rí i. Flash ti kú láti ìparí ọdún 2020.

Fọ́tò mi dára, ṣùgbọ́n wẹ́bsáìtì ń falẹ̀. Kí ló dé?

Fọ́tò yín náà ni. Èyí tó ti inú fóònù tàbí kámẹ́rà jáde lè tó 5MB lẹ́yọ kan, ẹ sì kó ogún irú rẹ̀ sójú kan. Ẹ dín fífẹ̀ rẹ̀ kù sí nǹkan bíi píkísẹ́lì 1600, ẹ yí i sí WebP (irú fáìlì fọ́tò tó fúyẹ́), á wálẹ̀ sí nǹkan bíi 200KB, ojú kò sì ní mọ ìyàtọ̀. Fídíò ni kí ẹ gbé sí YouTube, kí ẹ wá so ó mọ́ ojú-ewé. Ẹ má gbé e sórí sáfà tiyín, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gbé wẹ́bsáìtì yín.

Ẹ lọ sí PageSpeed Insights ti Google, tó ń wọn bí ojú-ewé ṣe ń yára tó, ọ̀fẹ́ ni. Ohun tí Google ń fẹ́ ni pé kí nǹkan tó tóbi jù lójú-ewé hàn láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2.5. Èsì ti fóònù ni kí ẹ wò, ẹ fi ti kọ̀ǹpútà sílẹ̀, nítorí ojú fóònù ni Google fi ń wo wẹ́bsáìtì báyìí, fóònù náà sì ni àwọn oníbàárà yín ń lò.

Ṣé kí n kọ iye owó mi síta?

Ẹ kọ ọ́, ó kéré tán ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Èyí ni àwọn DJ ń bá mi jiyàn lé lórí jù. Wọ́n á ní, “Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á rí i, wọ́n á sì gbé tiwọn wálẹ̀.” Àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ti mọ̀ ọ́n tipẹ́; wọ́n ti ní kí àbúrò wọn pè yín bí oníbàárà. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni ìyá ìyàwó, bí kò bá sì rí i, á rò pé ó wọ́n, á kọjá sọ́dọ̀ ẹni tó kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ “láti” ni kí ẹ fi ṣíwájú rẹ̀, kí àyè ìdúnàádúrà lè wà. Ẹ mọ̀ pé wọ́n máa ní kí ẹ gé e.

Ẹ wá kọ ohun tó wà nínú owó náà: wákàtí mélòó, sípíkà àti iná irú wo, maìkì mélòó fún alága ìjókòó àti alága ìdúró, ṣé ẹ máa dé wákàtí méjì ṣáájú láti to ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà, ohun tó ń fi owó kún un: òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí kò ní líìfù, wákàtí tó bá lé, ọ̀nà tó jìn. Ìjà tó pọ̀ jù tí mo ti rí láàárín DJ àti olóde, lórí wákàtí tó lé ni.

Òfin náà wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin ọdún 2025, òfin Digital Markets, Competition and Consumers Act 2024 kò fàyè gba kí ènìyàn fi iye kékeré fa oníbàárà, kó tó wá kó owó mìíràn tí kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀ jáde. Bí gbogbo ènìyàn ló máa san owó ọkọ̀, kó wà nínú iye àkọ́kọ́. Bó bá jẹ́ pé bí ọ̀nà bá ṣe jìn tó ni, ẹ kọ bí ẹ ṣe ń ṣírò rẹ̀. “Láti £300” kò sì dára bí kò bá sí ẹnikẹ́ni láyé tó lè san £300.

Ṣé ìyàwó mi lè bá mi kọ ẹ̀rí (review) sí Google?

Kò gbọdọ̀ ṣe é. Òfin kan náà tí mo dárúkọ lókè yìí fòfin de ẹ̀rí ayédèrú, àjọ CMA, tó ń gbèjà oníbàárà, sì lágbára láti bu owó ìtanràn tó lè dé ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó tó ń wọlé fún ilé-iṣẹ́. Wọn kò ní torí DJ kan ní Thamesmead sùn sí kóòtù, bóyá, ṣùgbọ́n Google fúnra rẹ̀ á pa á rẹ́.

Ọjọ́ Ajé lẹ́yìn òde ni kí ẹ fi líǹkì ránṣẹ́, nígbà tí ara olóde ti balẹ̀, tí inú rẹ̀ ṣì ń dùn. Ẹ béèrè ohun kan pàtó: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá wa kọ orúkọ gbọ̀ngàn àti irú òde tí a ṣe.” Àwọn ìyá wa kì í fẹ́ kọ̀wé, àdúrà ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n máa gbà ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ẹ ṣe àmín. Kí ẹ wá tọrọ àyè láti kọ gbólóhùn méjì nínú rẹ̀ sójú-ewé yín, pẹ̀lú orúkọ àkọ́kọ́ wọn àti oṣù tí òde náà wáyé.

Kí ni kí n béèrè nínú fọ́ọ̀mù?

Ọjọ́, gbọ̀ngàn tàbí póósítì-kóòdù, irú òde, iye àlejò, nọ́ńbà fóònù. Ẹ fi ọ̀kan sí i: aago tí wọ́n ń ti gbọ̀ngàn. Ìwé ìpè wa ń sọ aago mẹ́rin, àlejò ń dé ní mẹ́fà ààbọ̀, ìyá ọlọ́jọ́ ìbí ń wọlé ní mẹ́jọ, ṣùgbọ́n olùtọ́jú gbọ̀ngàn ní Ìlú Ọba kì í gbọ́ ẹjọ́. Aago mọ́kànlá bá lù, iná á tàn. DJ tó mọ̀ ọ́n ṣáájú á mọ bó ṣe máa to orin rẹ̀.

Ẹ fi WhatsApp sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Líǹkì wa.me ni, tí nọ́ńbà yín tẹ̀lé e: 44 ni kó bẹ̀rẹ̀, láìsí àmì ìròpọ̀, láìsí òdo tó máa ń ṣáájú. Òdo yẹn ló ń ba ọ̀pọ̀ jẹ́.

Àwọn ènìyàn ní àwọn kọ̀wé sí mi, èmi kò rí nǹkan kan.

Ẹ wo inú spam. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà: fọ́ọ̀mù kan tí mo fọwọ́ ara mi ṣe ń da ìwé síbẹ̀ fún odidi oṣù kan kí a tó mọ̀, oṣù Kẹfà sì ni, àsìkò ìgbéyàwó. Ojú tì mí.

Ohun tó fà á ni pé fọ́ọ̀mù náà ń ṣe bí ẹni pé oníbàárà ló ń kọ̀wé láti Gmail tirẹ̀. Kí ìwé jáde láti ímeèlì orúkọ wẹ́bsáìtì yín, kí ẹ sì ní kí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ fi àkọsílẹ̀ SPF, DKIM àti DMARC síbẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń jẹ́rìí pé lóòótọ́ ni ìwé náà ti ọ̀dọ̀ yín wá. Láti oṣù Kejì ọdún 2024 ni Google àti Yahoo ti túbọ̀ le mọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọ̀ọ̀kan, ẹ fi fóònù ẹlòmíràn kún fọ́ọ̀mù yín, kí ẹ wò ó bóyá á dé.

Ṣé kí n gbé kàlẹ́ńdà síta, kí wọ́n rí ọjọ́ tó ṣí sílẹ̀?

Ó dára bí ẹ bá lè máa tún un ṣe lójoojúmọ́. Kàlẹ́ńdà tí ẹ ti gbàgbé burú ju àìsí lọ. Ẹ má kọ orúkọ gbọ̀ngàn tàbí ti olóde sí i; “ọjọ́ ti lọ” tó. Ẹni tó bá mọ̀ pé ẹ wà ní Birmingham títí di aago méjì òru mọ̀ pé kò sí ọkùnrin nílé.

Ṣé kí n kọ Yorùbá sí i? Àmì ohùn ń bàjẹ́ lójú-ewé mi.

Ẹ kọ ọ́, kí ẹ sì kọ ọ́ dáadáa. DJ tó kọ “oko iyawo” sójú-ewé ìgbéyàwó ti pe ọkọ ní oko, àwọn àgbà á sì rí i kí wọ́n tó rí nǹkan mìíràn.

Ìdí tí àmì fi ń fò kiri nìyí. Nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, ọ jẹ́ lẹ́tà kan, ó náà jẹ́ lẹ́tà kan, ṣùgbọ́n kò sí lẹ́tà kan ṣoṣo fún ọ́. Méjì ni: ọ, lẹ́yìn náà àmì ohùn tó gun orí rẹ̀. Àwọn fọ́ǹtì aláràbarà tí wọ́n ń fi ṣe ìwé ìpè kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé àmì yẹn lé orí ọ àti ẹ, àwọn mìíràn kò tiẹ̀ ní ṣ rárá, wọ́n á wá yá lẹ́tà láti inú fọ́ǹtì mìíràn. Ẹ lo Noto Sans tàbí Noto Serif. Kí ẹ tó fọwọ́ sí iṣẹ́ ẹnikẹ́ni, ẹ ní kó tẹ “ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìsọmọlórúkọ” ní lẹ́tà ńlá àti kékeré, kí ẹ wò ó lórí fóònù méjì. Ẹ ní kó fi àmì lang="yo" sára apá tó jẹ́ Yorùbá, kí ẹ̀rọ tó ń ka ìwé fún afọ́jú má baà kà á bí Gẹ̀ẹ́sì.

Níbi ìwákiri, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Àwọn ènìyàn kì í tẹ àmì. “Owambe DJ London”, “Yoruba wedding DJ Kent”: bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀dà tí kò ní àmì wà nínú àkọlé tó ń hàn lórí Google, kí Yorùbá tó pé wà nínú ojú-ewé fúnra rẹ̀. Ẹ sì kọ Gẹ̀ẹ́sì tó pọ̀ tó, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ wa tí wọ́n bí síbí ló ń san owó òde àwọn òbí wọn.

Báwo ni mo ṣe lè hàn lórí máàpù Google nígbà tí mò ń ṣiṣẹ́ láti ilé?

Ẹ ṣí Google Business Profile, ẹ yan pé ẹ̀yin lẹ ń lọ bá oníbàárà, kí ẹ fi àdírẹ́sì pamọ́, kí ẹ wá kọ àwọn àdúgbò tí ẹ ń dé. Google sábà máa ń ní kí ẹ ya fídíò láti fi hàn pé ẹ wà lóòótọ́: ẹ ya ọkọ̀ yín, sípíkà, tábìlì ẹ̀rọ, àsíá orúkọ yín. Àpótí ìfìwéránṣẹ́ kò ṣeé lò níbẹ̀. Kí orúkọ àti fóònù tó wà níbẹ̀ bá ti wẹ́bsáìtì mu délẹ̀délẹ̀.

Ẹni kan ní kí n ṣe ojú-ewé fún ìlú kọ̀ọ̀kan: Peckham, Woolwich, Dagenham, Luton, títí dé ọgbọ̀n.

Bí ọ̀rọ̀ inú wọn bá jẹ́ ọ̀kan náà, tí orúkọ ìlú nìkan ń yí, “doorway pages” ni Google ń pè é, ó sì wà nínú ohun tó kà léèwọ̀. Ẹ kọ nípa gbọ̀ngàn tí ẹ ti ṣiṣẹ́ rí dípò rẹ̀. Níbo ni ọkọ̀ ń dúró? Àtẹ̀gùn mélòó ló wà? Ihò iná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ijó àbí ẹ nílò wáyà gígùn?

Èyí tó ṣe pàtàkì jù lọ: ṣé gbọ̀ngàn náà ní ẹ̀rọ adíwọ̀n-ariwo? Ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn níbí ló ní in. Ohùn bá kọjá ìwọ̀n tí wọ́n fi sí i, á gé iná ẹ̀rọ orin. Onígángan kan tó dúró sí ìdí rẹ̀ lè pa gbogbo òde lẹ́nu mọ́ lásìkò tí wọ́n ń náwó fún ìyàwó. Ẹ kọ ọ́ sójú-ewé pé ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń bá a lò. Mo ti rí olóde tó yan DJ nítorí ìpínrọ̀ kan ṣoṣo yìí.

Adójútòfò, PAT (àyẹ̀wò ẹ̀rọ iná), ìwé àṣẹ orin: ṣé ó yẹ kí wọ́n wà lórí wẹ́bsáìtì?

Ó yẹ, nítorí ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn kì í jẹ́ kí DJ wọlé láìsí wọn, olóde sì ń bẹ̀rù ìtìjú ọjọ́ náà. Ẹ kọ iye adójútòfò yín. £10 mílíọ̀nù ni ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn ńlá ń béèrè. Ẹ kọ oṣù tí wọ́n yẹ ẹ̀rọ iná yín wò kẹ́yìn. Òfin kò sọ pé ọdọọdún ni kí wọ́n ṣe PAT, ohun tó sọ ni pé kí ẹ̀rọ wà láìléwu, àmọ́ gbọ̀ngàn ń fẹ́ rí ìwé ọdún yìí, kò sì sí èrè nínú bíbá wọn jiyàn lẹ́nu ọ̀nà.

Ìwé àṣẹ orin, ìyẹn TheMusicLicence ti PPL PRS, ẹni tó ni gbọ̀ngàn ló sábà máa ń gbà á. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún olóde ní gbólóhùn kan, kó lè bi wọ́n léèrè.

Ẹ má gbé fọ́tò àwọn ìwé náà síta o. Nọ́ńbà àti àdírẹ́sì ilé yín wà lára wọn, ẹlòmíràn sì lè fi ṣe ayédèrú. “A ó fi ránṣẹ́ bí ẹ bá béèrè” tó.

Mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ bí mo ṣe ń po orin. Ṣé mo lè gbé e sórí wẹ́bsáìtì mi?

Ìwé àṣẹ tó wà fún gbọ̀ngàn kò bo wẹ́bsáìtì. Bí ẹ bá gbé orin olórin sórí sáfà tiyín, ẹ nílò àṣẹ ẹni tó kọ orin àti ti ẹni tó ni àgbàsílẹ̀ rẹ̀. Ẹ gbé e sórí Mixcloud, tó ti bá àwọn onílé-iṣẹ́ orin ṣe àdéhùn lórí irú nǹkan báyìí, kí ẹ wá so ó mọ́ ojú-ewé yín. Ogún ìṣẹ́jú tó: bẹ̀rẹ̀ láti jùjú, gba inú fújì kọjá, parí sí àmápíánò. Ẹni tó ń gbọ́ ọ ń wò ó bóyá ẹ lè mú ìyá àti ọmọ jó pọ̀.

Fọ́tò òde àwọn ènìyàn ńkọ́?

Ẹ fi ìlà kan sínú àdéhùn: ṣé ẹ fọwọ́ sí i kí a lo fọ́tò, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ojú ọmọdé, láìsí ọ̀rọ̀ ẹnu òbí rẹ̀, ẹ má gbé e. Àwọn àlejò náà ní ìdí tiwọn. Ẹni tó pe ibi iṣẹ́ pé ara òun kò yá kò fẹ́ rí ara rẹ̀ níbi tó ti ń náwó. Ẹ ya agbo ijó láti ẹ̀yìn tàbí láti òkè.

Bí ayàwòrán òde bá fún yín ní fọ́tò, ẹ tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin Copyright, Designs and Patents Act 1988 fún ẹni tó ya fọ́tò ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀, àyàfi tí àdéhùn bá sọ nǹkan mìíràn. Pé olóde ló sanwó rẹ̀ kò yí i padà.

Ṣé dandan ni kí àdírẹ́sì mi wà lórí wẹ́bsáìtì? Ilé ni gbogbo ẹ̀rọ mi wà.

Ibí yìí ló ti ń rú àwọn ènìyàn lójú, nítorí Google ní kí ẹ fi í pamọ́, òfin sì ní kí ẹ kọ ọ́. Òfin E-Commerce Regulations 2002 fẹ́ kí ẹni tó ń ta iṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kọ orúkọ rẹ̀, àdírẹ́sì rẹ̀ àti ímeèlì. Bí orúkọ òwò yín kì í bá ṣe orúkọ yín, orúkọ yín gan-an náà gbọ́dọ̀ hàn.

Ohun tí èmi ń sọ fún wọn ni kí wọ́n sanwó fún àdírẹ́sì tí ilé-iṣẹ́ kan á ti máa bá wọn gba lẹ́tà, èyí tí ìwé òfin lè dé bá, kí wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ wẹ́bsáìtì. Ẹ má fi àdírẹ́sì yẹn sórí máàpù Google bí ẹni pé ọ́fíìsì yín ni. Wọ́n lè pa ojú-ewé yín rẹ́ níbẹ̀.

Mo kọ ọ́ pé “owó àsansílẹ̀ kò ní padà”. Ṣé ó tó?

Lẹ́tà ńlá kò sọ ọ́ di òfin. Lábẹ́ Consumer Rights Act 2015, ìlà tó bá rẹ́ oníbàárà jẹ lè má dúró ní kóòtù. Owó àsansílẹ̀ kékeré tó bá àdánù yín mu rọrùn láti gbèjà. Ìdajì owó tí ẹ gbé mì nígbà tí òde ṣì ku oṣù mẹ́wàá kò rọrùn. Ẹ tò ó bí ọjọ́ bá ṣe ń sún mọ́: bó bá ku oṣù mẹ́fà, báyìí, bó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, báyìí. Kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ̀yin máa ṣe bí ẹ̀yin lẹ kò bá wá. Ọ̀pọ̀ DJ kì í kọ ìyẹn.

Ọjọ́ 14 tí oníbàárà fi lè yí ọkàn padà lórí ohun tó rà láti òkèèrè kò kan iṣẹ́ fàájì tí ọjọ́ rẹ̀ ti wà nínú àdéhùn. Ẹ ṣì kọ ọ́ kedere, nítorí wọ́n máa béèrè.

Ṣé ọ̀rọ̀ ICO àti cookies kan DJ kékeré bí èmi?

Ẹ ń kó orúkọ, fóònù àti ọjọ́ ìbí àwọn ènìyàn sínú kọ̀ǹpútà, nítorí náà ó ṣeé ṣe kó kàn yín. Ìbéèrè díẹ̀ wà lórí wẹ́bsáìtì ICO, àjọ tó ń ṣọ́ bí a ṣe ń lo ìsọfúnni àwọn ènìyàn, tó máa sọ bóyá ẹ máa san owó ọdọọdún. £52 ni fún ilé-iṣẹ́ tó kéré jù lọ láti oṣù Kejì ọdún 2025. Ní ti cookies, àwọn fáìlì kékeré tí wẹ́bsáìtì ń fi sínú fóònù ẹni tó wọlé, ẹ yọ gbogbo èyí tí ẹ kò lò. Mo ti yọ àwọn tó ń tọpa ènìyàn fún ìpolówó kúrò lórí wẹ́bsáìtì DJ tí kò polówó rí láyé rẹ̀.

Kí ló dé tí ìràwọ̀ márùn-ún kò hàn lábẹ́ orúkọ mi nínú èsì Google?

Nítorí pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ kọ ọ́ sínú wẹ́bsáìtì yín. Láti ọdún 2019 ni Google kò ti fi ìràwọ̀ tí ilé-iṣẹ́ fi yin ara rẹ̀ hàn mọ́. Bákan náà, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023 ni Google fi ìbéèrè àti ìdáhùn tó máa ń tẹ́ jáde nínú èsì mọ sí wẹ́bsáìtì ìjọba àti ti ìlera. Bí ẹnikẹ́ni bá ń gba owó lọ́wọ́ yín fún ọ̀kan nínú méjèèjì, ẹ gba owó yín padà. Ẹni tó bá sì ṣèlérí ipò kìíní lórí Google láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ dá a lóhùn bí ẹ ṣe ń dá ẹni tó ní òun rí ìran nípa yín lójú ọ̀nà lóhùn.

Mo ti ṣe gbogbo rẹ̀. Fóònù kò dún.

Ẹ ṣí Search Console, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹ wo ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn tẹ̀ kí wọ́n tó rí yín. Bí kò bá sí ẹni tó rí yín, iṣẹ́ wà lórí àkọlé, lórí máàpù àti lórí ẹ̀rí. Bí wọ́n bá rí yín tí wọn kò tẹ̀ ẹ́, àkọlé kò wù wọ́n. Bí wọ́n bá wọlé tí wọn kò pè, ẹ padà sí ìbéèrè mẹ́ta ìbẹ̀rẹ̀: ọjọ́, owó, ìgbẹ́kẹ̀lé. Ọ̀kan nínú wọn ló sọnù.

Nígbà mìíràn wẹ́bsáìtì kò jẹ̀bi. DJ kan pè mí pé òun kò rí iṣẹ́ láti oṣù mẹ́ta. A ṣí àpótí ìwé rẹ̀, a bá ìbéèrè mọ́kànlá níbẹ̀. Ó dáhùn gbogbo wọn, ní ọjọ́ Ẹtì sí ọjọ́ Ẹtì, nítorí ọjọ́ yẹn nìkan ló máa ń ráyè. A fi ìdáhùn kan síbẹ̀ tó ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan: mo ti rí i, iye ìbẹ̀rẹ̀ nìyí, mo máa pè yín ní alẹ́ yìí lẹ́yìn aago méje. Ó wá ń pè wọ́n lóòótọ́.